Ọmọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún: ǹjẹ́ ó lè bá wa lọ wo ìlú Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Láti Ìbàdàn ni a ti gbé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 7, wá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ṣí àyà rẹ̀ láti dí ihò tó wà nínú ọkàn rẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Wọ́n ti dá wa sílẹ̀ ní Evelina, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Peckham ni a sì wà títí di ọjọ́ àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ọ̀rẹ́ wa àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kó wa pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn méjèèjì jáde ní Sátidé: London Eye (kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ènìyàn yí lọ sókè), Greenwich, lẹ́yìn náà òde ọjọ́ ìbí kan ní alẹ́. Bàbá ọmọ ní kí a jókòó sílé, ọmọ sì ń sunkún pé òun fẹ́ lọ. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ lè jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ibi mẹ́ta ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá ọmọ ní ìdí. Kí oníṣẹ́ abẹ tó dé ibi tí ọkàn wà, ayùn ni ó fi ń la egungun àárín àyà, wáyà ni ó sì fi ń dè é padà nígbà tó bá parí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, awọ òkè lè ti jiná kí ojú ọgbẹ́ sì mọ́ tónítóní, síbẹ̀ egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń so pọ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ó tó dì mú dáadáa. Àmọ́ ìjókòó sílé kọ́ ni egungun yìí ń béèrè. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ọmọ lápá tàbí kí ó fi ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀ gbé e, kí òun náà má sì gun nǹkan, kí ó má fò, kí ó má ṣubú lé àyà. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má pọ̀n ọ́n, nítorí àyà rẹ̀ ni yóò fara ti ẹ̀yìn yín. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìdí rẹ̀, kí èkejì gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Rírìn jẹ́ẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ dára fún un: ó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ṣí, ó sì ń mú kí oúnjẹ wu ọmọ jẹ.

Lójú tèmi, ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣègùn. Ẹni tó gbà yín sílé ni ó fẹ́ ṣe yín lálejò, ẹ sì ń rò pé bí ẹ bá ní kí ó dín in kù, yóò dà bí àìmoore. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí Sátidé tó dé, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ti wọ bàtà tán. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ibi kan ṣoṣo ni ẹ lè lọ, fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, àti pé nígbàkígbà tí ọmọ bá ní ó rẹ òun, ẹ̀yin yóò wọkọ̀ padà, kí àwọn tó kù sì máa gbádùn ara wọn lọ. Ẹ pe àwọn ọmọ wọn náà, kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ìjàkadì, kò sì sí títi ara ẹni fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọdé máa ń pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ ju àgbà lọ.

Ní ti ibi tí ẹ ó lọ, èmi yóò yọ Greenwich kúrò, nítorí orí òkè ni ilé ìwòràwọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lọ wò níbẹ̀ wà. London Eye máa ń lo nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ìsọ̀kalẹ̀ ní agbedeméjì bí ara ọmọ bá yí padà. Ẹ fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn àyẹ̀wò. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 12, ọkọ̀ alájà méjì, láti Peckham dípò rẹ̀. Yóò gbé yín gba orí Afárá Westminster, níbi tí ọmọ yóò ti rí Big Ben, odò Thames àti London Eye fúnra rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sì í san owó bọ́ọ̀sì. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí o, bó ti wù kí ó bẹ̀ yín tó, nítorí àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ tó ń mì kò yẹ ẹni tí kò gbọdọ̀ ṣubú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nítòsí afárá, kí ẹ rìn díẹ̀ létí odò. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ilé ìwòsàn tó mọ ọmọ yín kò sì jìnnà rárá. Bí ìyẹn bá lọ dáadáa, British Museum, ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, lè tẹ̀ lé e ní ọjọ́ mìíràn: ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń yá ènìyàn ní àga onítáyà, ọmọ yóò sì rí ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Bí ó ṣe dé ibẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ mọ́tò ọ̀rẹ́ yín ni ẹ ó wọ̀, òfin ìlú ọba ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì tíì ga tó 135 cm, gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga ọmọdé. Ẹ ká tówẹ́lì kékeré sáàárín bẹ́líìtì àti àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yọ bẹ́líìtì náà. Bí ó bá ń lo furosemide, oògùn tí ń fa omi ara jáde, yóò máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ wá ibi ìtọ̀ ṣáájú ohunkóhun, ẹ má sì torí ìrìn fo oògùn.

Òde alẹ́ yẹn ni n kò fọwọ́ sí rárá. Inú gbọ̀ngàn tó kún, tí ẹni kan ń wúkọ́ níhìn-ín, tí òmíràn fẹ́ gbé ọmọ jó lọ́hùn-ún, kò tíì yá. Omi sì lè gbára jọ yí ọkàn ká ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, ó lè dà bí àárẹ̀ lásán. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, bí àyà bá ń dùn ún nígbà tó bá dùbúlẹ̀, bí ó bá ń mí lemọ́lemọ́, tí ó ń bì, tàbí tí ọgbẹ́ pọ́n tí ó sì ń ṣomi, ẹ pe wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ náà gan-an. Bí èémí bá ń há a, tàbí tí ó dákú, 999 ni kí ẹ pè.

Nọ́ńbà wọ́ọ̀dù wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ń kúrò níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà sórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ sì pe nọ́ńbà náà kí Sátidé tó dé, kí ẹ ka ètò yín fún wọn. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pè é, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn tó mọ ọkàn ọmọ rẹ̀ bá sọ.