Ìka Ọwọ́ Mi Kú Sórí Kẹ̀kẹ́: Ṣé Kí N Ra Ìbọ̀wọ́ Mìíràn Ni?

Ìbéèrè:

Àǹtí Físíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Cambridge ni mò ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kejì mi rè é. Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ kẹ̀kẹ́ láti kékeré, torí náà gígùn kọ́ ni ìṣòro mi. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ely, a sì gùn ún padà. Àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 kìlómítà. Oòrùn ràn, àwọn òdòdó ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ti ń yọ létí ọ̀nà, ṣùgbọ́n dígírì 5 ni fóònù mi ń sọ. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo wọ tíṣáàtì méjì lé e, mo wá fi kóòtù òtútù bò ó. Àlọ dùn bí oyin, mo tilẹ̀ ń làágùn. A jókòó níta ní Ely, a mu tíì, a ya fọ́tò. Àbọ̀ ni nǹkan yí padà. Kí a tó dé Waterbeach, n kò mọ̀ pé mo ní ìka mọ́. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ló bá mi tú okùn akoto tó wà lórí mi. Ìbọ̀wọ́ méjì ni mo sì wọ̀ lé ara wọn o! Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa mu ọtí líle díẹ̀ kí n tó jáde. Ìyàwó mi ní kí n ta kẹ̀kẹ́. A tún fẹ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kí ni kí n ṣe? Bàbá Ìbejì.

Ìdáhùn:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Ẹ má tíì ta kẹ̀kẹ́, ẹ má sì lọ ra ìbọ̀wọ́ kẹta. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín sí, kì í ṣe ìka yín ló kọ́kọ́ tutù. Àyà yín ni.

Ara mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ dáàbò bò. Tí òtútù bá ti ń wọ àyà àti ikùn, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà, ara á fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ pọ̀, kí ooru tó kù má bàa gba ibẹ̀ sá lọ. Ìka ló fi ń ra ẹ̀mí. Ìbọ̀wọ́ kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ooru tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé wá ló ń tọ́jú. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀, ẹ lè wọ mẹ́rin, bákan náà ni. Méjì tó há mọ́ra tún burú sí i, torí ó ń fún ìwọ̀nba òpó tó ṣì ṣí pa.

Báwo wá ni àyà yín ṣe tutù nígbà tí ẹ wọ aṣọ mẹ́rin? Síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo dì mú. Òwú ni, tíṣáàtì méjèèjì náà sì lè jẹ́ òwú. Òwú a máa mu òógùn bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Ní àlọ, kóòtù yín sé ooru mọ́nú, ẹ làágùn, aṣọ mu ún. Ẹ wá lọ jókòó níta pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ẹsẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ooru ò jáde mọ́. Kí tíì tó tán, òtútù ti wọ inú yín, ẹ ò kàn tíì mọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn. Ilẹ̀ Fens tí ẹ gbà kọjá yẹn, àbàtà ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fa omi rẹ̀ kúrò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, igi ò pọ̀, kò sí òkè tí ènìyàn lè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Ely láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, tí kò sì sún mọ́ yín. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà ti máa ń fẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ely sì wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn Cambridge. Ẹ̀yin rò pé ẹsẹ̀ yín ló dá ṣáṣá lọ́jọ́ náà. Ẹ má bínú, ó jọ pé atẹ́gùn ló ń tì yín. Àbọ̀ lẹ wá san owó rẹ̀: tí ẹ bá ń sáré 20 kìlómítà ní wákàtí kan, tí atẹ́gùn 20 kìlómítà sì dojú kọ yín, 40 ló ń gbá yín lójú. Ní dígírì 5, ara tí aṣọ ò bò á máa gbọ́ ọ bíi dígírì kan sí ìsàlẹ̀ òdo.

Nítorí náà, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lórí fóònù, kí ẹ tó wo dígírì. Ibi tí ẹ máa dojú kọ atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nígbà tí aṣọ ṣì gbẹ tí agbára sì wà, kó lè tì yín wálé. Tó bá ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ẹ kọrí sí ìlú Royston, tó wà níhà ibẹ̀, lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé Ely náà ni àwọn ọ̀rẹ́ yín ta kú lé, ẹ gùn ún lọ, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin padà, kì í tó ogún ìṣẹ́jú. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, atẹ́gùn láti ìlà-oòrùn náà a máa yọjú, tútù rẹ̀ sì ń gún ènìyàn bí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ely dára.

Ní ti aṣọ, èyí tó kan ara ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Aṣọ tín-ín-rín tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló dára jù. Tí kò bá sí owó rẹ̀ nílẹ̀, jẹ́sì bọ́ọ̀lù tó wà nínú àpótí yín sàn ju síńgílẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì. Ẹ wọ ọ̀kan tó nípọn díẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi jákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́ tí atẹ́gùn ò lè wọ̀ bò ó, kí ẹ máa ṣí síìpù rẹ̀ tí ara bá ti ń gbóná. Kóòtù òtútù yẹn, ẹ fi sílé. Tí ara yín bá ti móoru lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́, aṣọ ti pọ̀ jù. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje láyé àtijọ́ a máa ki ìwé ìròyìn sábẹ́ aṣọ níwájú àyà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹ di aṣọ gbígbẹ kan sínú ọ̀rá. Tí ẹ bá dé Ely, ẹ wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ pààrọ̀, kí ẹ tó pe tíì. Inú ilé ni kí ẹ sì ti mu ún.

Ẹ jẹun pẹ̀lú, torí ẹni tí ebi ń pa kì í lè dá ooru. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín kí ẹ tó mu omi, òtútù kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè mọ̀.

Ọtí líle ńkọ́? Rárá o. Ṣe ló ń ṣí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ sílẹ̀, ara á móoru lójú ara, ooru inú á sì máa sá jáde. Òrí náà, ẹ fi pa ojú àti ètè kó má bàa là, ṣùgbọ́n kò lè mú ọwọ́ gbóná.

Ohun kan wà tí ẹ ò sọ fún mi: ṣé gbogbo ìka ló kú, àbí ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀lé e nìkan? Tó bá jẹ́ méjì yẹn nìkan, òtútù kọ́ ni ẹjọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń tẹ iṣan ìmọ̀lára tó gba ìdí àtẹ́lẹwọ́ kọjá. Ẹ máa yí ibi tí ẹ ń dì mú padà, kí ẹ sì wò ó bóyá ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín ló dojú kọ ilẹ̀ tó ń tì yín síwájú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ ìka. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ̀yìn ọwọ́ kì í sọ òótọ́: orí ìka níhà àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni kí ẹ wò. Tó bá funfun bí ẹfun, tí ààlà rẹ̀ hàn gbangba, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kódà nígbà tí ẹ bá di nǹkan tútù mú nílé, ẹ lọ rí dókítà. Raynaud ni wọ́n ń pe èyí.

Ẹ má fi ọwọ́ tó kú lé rẹ́díétọ̀, irin tó ń mú inú ilé gbóná, láéláé. Mo ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́ mi níbí, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ẹ ki í bọ abẹ́ apá, kó máa jí díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe eré: ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, yìnyín bo ìdíje kẹ̀kẹ́ Liège–Bastogne–Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹni 174 ló bẹ̀rẹ̀, 21 péré ló parí. Bernard Hinault, ará Faransé, ló gbégbá orókè, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ṣáájú ẹnì kejì, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ méjì kò bọ̀ sípò pátápátá mọ́.

Kí ẹ tó tún gbéra, ẹ bi àwọn tí ẹ jọ ń lọ bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ SS. Òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ jẹ́ mẹ́ta nínú ohun tó ń jí ìrora àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde dìde, ìrìn yìí sì kó gbogbo wọn pọ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ AS lè lọ, kó ṣáà máa mu omi, kó má sì fi ipá sáré.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Tí ẹ bá wá ta kẹ̀kẹ́ náà lóòótọ́, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.