Ṣé Antigone Rin Ìrìn-àjò Akọni?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Eré Gíríìkì tí Sophocles kọ, Antigone, ni a ń kà lọ́wọ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìlànà ìrìn-àjò akọni tí Joseph Campbell, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1949: akọni á fi ilé sílẹ̀, á la ìdánwò kọjá, á sì kó ohun tí yóò ṣe ará ilé láǹfààní padà wá. Àwọn kan ní Antigone rin ìrìn náà, àwọn kan ní irọ́ ni. Ta ni kí n dá láre?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn àwọn tó ní kò rìn ín ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tó tan àwọn yòókù jẹ. Ọba Creon pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú Polynices tó kó ogun wá bá ìlú; Antigone, ọmọ ìyá rẹ̀, ní òun yóò sin ín. Èyí jọ ìpè tí akọni máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Campbell ní akọni sábà máa ń kọ́kọ́ lọ́ra, Antigone kò sì lọ́ra rárá. Ismene, ọmọ ìyá wọn, ni ẹ̀rù bà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó mú un kà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbá erùpẹ̀ kúrò lára òkú, wọ́n jókòó sórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ bá wọn, kí ìjì eruku tó dé lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọmọbìnrin náà ni wọ́n rí, tó ń ké bí ẹyẹ tó bá ìtẹ́ rẹ̀ lófìfo, tó sì ń fi ìkòkò idẹ ta ohun mímu sílẹ̀ fún òkú lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tó rìn jìnnà jù nìyẹn, ẹ̀yìn odi ìlú ni.

Wọ́n á sọ pé ihò àpáta tí wọ́n sé e mọ́ ni inú ẹja àbùùbùtán tí Campbell ń wí, ibi òkùnkùn tó ń gbé akọni mì. Akọni a máa jáde níbẹ̀. Antigone fi aṣọ pokùnso síbẹ̀. Creon ló ti ihò náà padà dé, òkú Haemon ọmọ rẹ̀, àfẹ́sọ́nà Antigone tó pa ara rẹ̀ síbẹ̀, ló sì gbé wálé.

Ní tiwa, Mọremí rin ìrìn náà délẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn Ugbò kó òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó mọ̀ pé ènìyàn lásán ló ń fi ìko bora bí ará ọ̀run, ó sì sá padà sí Ifẹ̀ láti ní kí wọ́n fi iná ìtùfù pàdé wọn. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, Campbell ì bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n odò Ẹ̀sìnmìrìn ń dúró de ẹ̀jẹ́, Olúorogbo ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì gbà. Kò yà mí lẹ́nu pé Dúró Ládiípọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Mbárí Mbáyọ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo yín ní 1962, rí eré orí ìtàgé nínú rẹ̀. Ẹ bá mi bi àwọn ọmọ: nígbà tí gbogbo Ifẹ̀ wá ń sọ fún Mọremí pé àwọn ti di ọmọ rẹ̀, ṣé èrè ìrìn-àjò nìyẹn?