Mo fẹ́ yọ̀ǹda ara mi láti máa gbọ́ ìpè àwọn tí ìdààmú bá: bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ yọ̀ǹda àkókò mi níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìpè àwọn tí ìdààmú ọkàn bá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ pé mo mọ ìmọ̀ràn-án gbani. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun ńkọ́? Ṣé n kò ní sọ ohun tí yóò tì í débẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Mo ti ń kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda níṣẹ́ yìí tipẹ́, ẹni tí ẹ̀rù kò bà rárá ló máa ń kọ mí lóminú.

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ni kí á kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ló ti máa ń le fún àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. A kì í gba ẹni tó pè nímọ̀ràn. Ó ti gbọ́ "fara dà á" títí ó fi sú u. Ẹni tí yóò jẹ́ kó sọ ọ́ tán ni kò tíì rí. Nígbà tí àlùfáà Chad Varah dá Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ìdààmú ọkàn bá, sílẹ̀ ní London lọ́dún 1953, òun fúnra rẹ̀ ló ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn. Àwọn olùyọ̀ǹda kàn ń fún àwọn tó ń dúró dè é ní tíì, wọ́n ń bá wọn jókòó. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ara ọ̀pọ̀ wọn ti fúyẹ́ kó tó kàn wọ́n. Lọ́dún 1954, ó gbé iṣẹ́ gbígbọ́ náà lé àwọn olùyọ̀ǹda lọ́wọ́.

Ní ti ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín ni?" Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn, àwọn olùwádìí ti yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí onítọ̀hún mí kanlẹ̀. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ bi í ni "Ẹ ò ní lọ ṣe nǹkan kan, àbí?" Ẹ ti fi "rárá" sí i lẹ́nu nìyẹn, kò sì ní sọ òótọ́ fún yín mọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bèèrè bóyá ó ti pinnu ọ̀nà tí yóò gbà, àti bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí rẹ̀. Ẹ tètè jẹ́ kí ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀. Òfin lórí ìgbà tí a lè pe pàjáwìrì yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ẹ mọ ti ibi tí ẹ wà kí ẹ tó gba ìpè àkọ́kọ́.

Ẹ óò ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà mìíràn. Ẹ wí fún un pé, "Ẹ má bínú, mi ò gbọ́ yín yé dáadáa, ẹ tún un sọ fún mi." Bó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn a máa gùn létí ẹni tuntun, ṣùgbọ́n ẹkún tàbí ọ̀rọ̀ gan-an ló sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín láìpẹ́ yìí, ẹ dúró ná. Bí ẹ bá sì lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: "Ta ni yóò gbọ́ tèmi nígbà tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀?" Níbi tó dára, olùyọ̀ǹda kì í lọ sílé láì kọ́kọ́ bá ẹnì kan sọ ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn kan fún yín, ẹ wá ibòmíràn.