Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Rẹpẹtẹ: “Run” ti Gẹ̀ẹ́sì àti “Jẹ” tiwa

Òbí kan ní Ilé-Ifẹ̀ fi iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó sì béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan, “run”, fi da ọmọ náà láàmú tó bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn méjì ni wọ́n ní kí ó túmọ̀. Èkínní sọ nípa ọ̀nà tó gba Òṣú lọ sí Iléṣà (“runs through Òṣú to Iléṣà”), ọmọ náà sì kọ ọ́ pé “Ọ̀nà náà sáré gba Òṣú dé Iléṣà.” Èkejì sọ nípa obìnrin kan tí kò ní ata mọ́ (“has run out of pepper”), ó sì kọ ọ́ pé “Obìnrin náà ti sáré jáde nínú ata.” Olùkọ́ fagi lé méjèèjì.

Lójú tèmi, ọmọ náà kì í ṣe olódo. Wọ́n kọ́ ọ pé “run” ni sáré, ó sì di ẹ̀kọ́ náà mú ṣinṣin. Ohun tí wọn kò sọ fún un ni pé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ka ìtumọ̀ 645 sí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí a bá lò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, àti pé oṣù mẹ́sàn-án ni Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé náà, fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé yìí, èyí tó jáde ní apá 20 ní ọdún 1989, “set” ló gba àyè jù lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, “run” wá gba ipò náà.

Láti ilẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ náà ti ní ojú méjì. Nínú èdè àtijọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì jọ ti ṣẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe eré ẹsẹ̀ àti ṣíṣàn omi. Àwọn ará Jámánì ti pín in báyìí, wọ́n ń lo “rennen” fún ẹni tó ń sáré, wọ́n sì ń lo “rinnen” fún omi tó ń ṣàn, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sójú kan. Bí nǹkan bá ti ń lọ tí kò dúró, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀, omi, ikun imú, tàbí títì tó nà gbọọrọ, ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wá gbòde nílẹ̀ wọn, wọ́n tún nà án dé ọ̀dọ̀ wọn, ìdí nìyí tí ètò orí kọ̀ǹpútà fi ń “run” lónìí láìní ẹsẹ̀.

Yorùbá kò kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ń sáré, nítorí eré ni ó ń sá. Odò Èsìnmìrìn ń ṣàn. Ikun ń dà nímú ọmọ. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Olóṣèlú ń du ipò. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń bójú tó o. Ní ti ọ̀nà, Yorùbá gbà kí ó máa lọ, kò gbà kí ó sáré. Èsì tó tọ́ fún gbólóhùn èkínní ni: “Ọ̀nà náà gba Òṣú lọ sí Iléṣà.”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń di ẹrù púpọ̀ lé ọ̀rọ̀ kékeré lórí. “Jẹ” tiwa ńkọ́? A ń jẹ iyán, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ èrè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ oyè. Ọkọ̀ ń jẹ epo, kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà, ẹni tó ń ta ayò ń jẹ ọmọ ayò. Òun kan náà ló wà nínú “jọba”, tí í ṣe “jẹ ọba”: nígbà tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnìtàn Ògúnwùsì gorí àpèrè Odùduwà ní ọdún 2015, a ní ó jẹ Ọọ̀ni. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀, bí mo ti rí i, ni pé kí nǹkan wọ inú ẹni, kí ó di tẹni, yálà ó dùn tàbí ó korò. Oúnjẹ tí a gbé mì kò ṣe é dá padà sínú àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyè, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyà. Bí Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń kọ́ Yorùbá bá túmọ̀ “mo jẹ gbèsè” sí pé ẹnì kan fi gbèsè ṣe oúnjẹ alẹ́, ọgbọọgba ni àṣìṣe rẹ̀ àti ti ọmọ Ifẹ̀ yìí. (Kí a má sì da “jẹ” olóhùn àárín yìí pọ̀ mọ́ “jẹ́” olóhùn òkè, tó wà nínú “mo jẹ́ ọmọ Ifẹ̀” àti “ó jíṣẹ́”. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, àmì ohùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò nínú ìkọ̀wé ló sì yà wọ́n.)

Nítorí náà, kí òbí náà kọ́ ọmọ rẹ̀ láti wo ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà àti ọ̀rọ̀ tó bá a rìn, kí ó wá bi ara rẹ̀ pé báwo ni ìyá àgbà yóò ṣe sọ ọ́ lọ́jà. Ní ti gbólóhùn kejì, kò sí eré kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe obìnrin ni yóò ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì fi obìnrin ṣe olùwà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ata ló ń tán, ọwọ́ obìnrin ló sì ti ń tán: “Ata ti tán lọ́wọ́ obìnrin náà.”