Ibi Ìsápamọ́sí Ìjọba: Èwo Ló Yẹ Kí Aráàlú Mọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Òkè Olúmọ, wọ́n fi yàrá abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun hàn wá, títí kan ojú ọlọ tó ti jinlẹ̀ sínú òkúta. Ọmọ kan bi mí pé níbo ni ìjọba òde òní yóò sá sí bí àjálù bá dé. N kò rí èsì fún un. Ṣé òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ní irú ibẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ṣé ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀? – Olùkọ́, Ìtokò, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, olùkọ́ wa. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kan sábẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Greenbrier ní ìpínlẹ̀ West Virginia, kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lè rí ibi jókòó ṣòfin bí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá balẹ̀ sí Washington. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 25. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ a máa sọ pé tẹlifíṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì làwọn ń tún ṣe, wọ́n sì ń tún un ṣe lóòótọ́, kí irọ́ náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀! Nígbà tí ìwé ìròyìn Washington Post tú àṣírí náà ní 1992, iṣẹ́ ibẹ̀ parí, nítorí kí ni ọ̀tá tún fẹ́ wá kiri mọ́? Nítorí náà, n kò bá ìjọba kankan jà pé ó fi ibi tí yóò sá sí pamọ́.

Àṣẹ tí wọ́n máa lò níbẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ní 2007, Peter DeFazio, aṣòfin Amẹ́ríkà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ààbò abẹ́lé, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ka apá tó jẹ́ àṣírí nínú ètò pàjáwìrì ìjọba Ààrẹ Bush, ìyẹn bí ìjọba yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ lọ bí àjálù bá dé. Wọ́n kọ̀ fún un. Bí aṣòfin kò bá lè kà á, ta ni yóò bi wọ́n léèrè?

Àwa náà ti rí tiwa. Ní oṣù Kọkànlá 2009, Ààrẹ Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia láìkọ lẹ́tà tí yóò fi àṣẹ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé aṣòfin, a kò sì mọ ẹni tó di ìjọba mú títí di ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2010, tí àwọn aṣòfin fi Goodluck Jonathan ṣe adelé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tún abala 145 ìwé òfin ṣe: bí Ààrẹ kò bá kọ lẹ́tà náà láàárín ọjọ́ 21, ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ gbé àṣẹ fún igbákejì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè ka ìyẹn, kò sì sí ọ̀tá tó rí i lò.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n arọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ná. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, bó tilẹ̀ gbà wọ́n láyè láti fi ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè pamọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ lẹ́tà, kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n máa kó aráàlú lọ bí Odò Ògùn bá kún wọlé. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí ogun.