Fóònù kan, ọmọ 58 nínú kíláàsì

Tísà wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Òndó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí lẹ lè rí lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà táwọn ọmọ ò ní dátà, tí iléèwé ò sì fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ wọn. Ojú mi ti rí i ní Àkúrẹ́ níbí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ìdánwò orí fóònù ni mo gbé wọ SS2, irú èyí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi fóònù tiẹ̀ wọlé. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ prínsípà, mo tan hotspot mi fún wọn. Ọmọ 58! Mẹ́sàn-án péré ló ráyè wọlé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dákú, àwọn tó kù bá ń ya fọ́tò ara wọn títí agogo fi lù. Dátà mi tán, mo tún gba ìbáwí lé e.

Látìgbà náà, kí n tó gbé ohunkóhun dé kíláàsì, mo máa ń bi ara mi pé: ṣé á ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo ní ẹ̀rọ lọ́wọ́?

Plickers ló kọ́kọ́ yege. Káàdì bébà ni, ọ̀fẹ́ lẹ máa gbà á lórí sáìtì wọn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. 40 ló wà nínú ọ̀wọ́ kékeré, 63 nínú ńlá. Àwòrán dúdú kan wà lójú káàdì kọ̀ọ̀kan, kò sí méjì tó jọra, A, B, C, D sì wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wínníwínní. Ọmọ á yí lẹ́tà tó mú sókè, èmi á na kámẹ́rà fóònù mi sí wọn láti iwájú, ìdáhùn wọn á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ jíwò ò ní rí nǹkan kan mú, torí káàdì ẹnìkejì ò jọ tiẹ̀. Ọmọ tí kì í la ẹnu náà á dáhùn, kò sì sẹ́ni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ṣì í.

Àṣìṣe tèmi rèé: kí káàdì má bàa ya, mo lọ fi ọ̀rá dídán bò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn oní-fọ́tòkọ́pì nítòsí Ọjà Ọba. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ọ̀rá ń kọ mànà, kámẹ́rà ò rí nǹkan kan kà. Ẹ lẹ bébà mọ́ páálí lásán, ó tó.

Fún físíìsì gan-an, PhET ni, sáìtì tẹ́ ẹ ti lè ṣe iṣẹ́ láàbù lójú kọ̀ǹpútà. Fásitì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2002. Ọ̀fẹ́ ni. Láàbù tiwa, bátìrì kíkú àti ammeter (ohun tí wọ́n fi ń wọn iná) tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti tẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lórí PhET, mo ń so wáyà, gílóòbù àti bátìrì pọ̀ lójú wọn. Lọ́jọ́ tí mo so wáyà láti orí bátìrì sí ìdí ẹ̀ láìsí gílóòbù láàárín, iná sọ lójú láptọ́ọ̀pù, kíláàsì hó yèè! Short circuit tí mo ti ń kọ sójú bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́fà, ọjọ́ yẹn ló yé wọn. Ẹ gba àwọn tí wọ́n kọ HTML5 sí lára, ìyẹn irú tí bíráwúsà lè ṣí, sílẹ̀ nílé. Fáìlì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, Chrome á ṣí i láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kẹ́ ẹ ti cháàjì láptọ́ọ̀pù lálẹ́ o, ẹ mọ bí iná ṣe rí. Bí kò bá sí pírójẹ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá wò ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá.

Kiwix náà dáa, Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má gba odindi ti Gẹ̀ẹ́sì, ó ju 80GB lọ. Ẹ wá èyí tó jẹ́ físíìsì nìkan. Kolibri, tó ń gbé fídíò Khan Academy wá, iléèwé tó bá ní yàrá kọ̀ǹpútà ló yẹ.

Àwọn ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn bí èèyàn ńkọ́? Mo fi ń kọ ìbéèrè sílẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan so resistor (ohun tó ń dín agbára iná kù) mẹ́ta ní parallel, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fún mi, àpapọ̀ tó mú wá sì ju èyí tó kéré jù nínú wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ṣe ló yẹ kó kéré sí i. Ọmọ SS2 kan ló rí i. Ojú tì mí.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà ìsinmi, ẹ mú fíláàṣì dání. Gbogbo PhET tí mo ti gbà wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, ẹ kàn máa kó o ni. Káàdì nìkan lẹ máa tẹ̀ fúnra yín. Íńkì mi ti tán.