Tọ́ọ̀pù sílíńdà 504 tó lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki ṣísẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira ọkọ̀. Ẹ ní pikọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí bàbá yín fi sílẹ̀ ń gbóná, ó ń mu omi, ẹ ti tú gbogbo bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ (ìdérí tó bo orí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì) ní Oǹdó níbẹ̀, síbẹ̀ kò mì rárá. Mẹkáníìkì yín wá ní òun fẹ́ ki ṣísẹ́ẹ̀lì, irin ẹlẹ́nu mímú, bọ àárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù kí òun fi là wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ṣísẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ọkọ̀ yẹn, ẹ́ńjìnnì pẹtiróò, ni mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́, ojú mi sì ti rí nǹkan nídìí rẹ̀. Ẹni tó ṣí tèmi kí n tó rà á ti fi irin là á. Nígbà tí mo fi èékánná tọ ojú alumíníọ̀mù náà, ó há sínú kòtò kan lẹ́bàá ihò omi. Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù kó má baà jò, tó lè dí irú kòtò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fá tọ́ọ̀pù ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ́dà kún ibẹ̀ kí wọ́n tó lè fá a tẹ́jú, owó tí mo ná lé e lórí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra tọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ẹnì kan fi ìṣẹ́jú díẹ̀ là á, èmi ni mo san gbèsè rẹ̀.

Ohun tó dì í mú yé mi dáadáa báyìí. Irin ni búlọ́ọ̀kù, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù. Omi kànga tí ọ̀pọ̀ wa ń dà sí rédíétọ̀ láìfi kúláǹtì (oògùn omi rédíétọ̀) sí i máa ń jẹ alumíníọ̀mù yẹn, ohun tó jẹ kúrò á di ìyẹ̀fun funfun, á wú, á sì há sí ìdí bóòtù àti ojú ìpàdé méjèèjì. Nítorí náà, agbára kọ́ ni yóò ṣí i.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan kan ṣì so ó mọ́lẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi òòlù bá tọ́ọ̀pù jà nígbà tí bóòtù kan ṣì fara pamọ́ sábẹ́ ọ́ìlì gbígbẹ. Ẹ nu gbogbo orí rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, kí ẹ fi ọwọ́ ka ihò bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ àwọn pọ́ọ̀ṣì-rọ́ọ̀dù, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣí fáàfù, kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde, torí ibi tí kálukú ti jáde ló gbọ́dọ̀ padà sí. Ẹ tú páìpù sàláńsà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi mánífóòdù, ibi tí páìpù náà ti so mọ́ tọ́ọ̀pù, sílẹ̀ lára rẹ̀. Yóò wúlò tí ẹ bá ń wá ibi tí ọwọ́ máa dìmú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí. Sílíìfù inú ẹ́ńjìnnì yẹn, irin oníhò tí písítìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Ṣe ni wọ́n gbé wọn jókòó sínú rẹ̀, omi ń kọjá lára wọn níta, ìdí wọn nísàlẹ̀ ló sì ń dí omi mọ́ kó má wọnú ọ́ìlì. Tọ́ọ̀pù ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fi ṣéènì fa tọ́ọ̀pù tó lẹ̀ ní gbọọrọ sókè, ó lè fa sílíìfù kan dání. Bó sún díẹ̀ báyìí, ìdí rẹ̀ ti tú. Ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ ó fi tò ó tán, tí ọ́ìlì á wá funfun bí ògì. Ìdí kan náà nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń ní kí ẹ dá pulọ́ọ̀gì padà, kí ẹ ta sítátà, kí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ti tọ́ọ̀pù sókè. Lórí ẹ́ńjìnnì mìíràn ó lè ṣiṣẹ́. Lórí 504 pẹtiróò, sílíìfù ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ po dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì, kí ẹ máa kán an sínú gbogbo ihò bóòtù àti yíká ojú ìpàdé, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tún kán an. WD-40 náà dára, àmọ́ ó wọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ máa ṣí i, ẹ rẹ àkísà sínú omi tó ń hó, ẹ fi igi gbé e tẹ́ sórí tọ́ọ̀pù, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń tutù. Bí ooru bá kan alumíníọ̀mù àti irin bákan náà, alumíníọ̀mù máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin, ìyẹn á sì tú ìyẹ̀fun tó há yẹn díẹ̀. Ẹ má gbé iná gáàsì sún mọ́ ọn. Dísẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, tọ́ọ̀pù sì lè wọ́.

Ẹ wá ọ̀pá irin méjì tó kún ihò bóòtù dáadáa, kí wẹ́dà tẹ orí wọn bí lẹ́tà L. Ẹ kì wọ́n bọ ihò ẹ̀gbẹ́ kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dé tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú búlọ́ọ̀kù. Kí ẹni méjì jọ máa fà á sí ìhà kan náà, kí wọ́n tún jọ tì í padà. Ẹ má fà á sókè. Ohun tí ẹ ń wá ni kí etí kan là nígbà tí etí kejì ṣì jókòó. Kí ẹnì kẹta gbé pákó líle lé ibi tó nípọn lára tọ́ọ̀pù, kó máa fi òòlù gbá pákó náà jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ máa tẹ́tí sí i: ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ máa dún ko, ko, ko, tó bá ń gbọ̀n á wá di gbò, gbò. Omi pupa díẹ̀ á sì sun jáde létí gásíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ti rí omi yẹn, ẹ má tún lo agbára mọ́.

Tí ó bá ti kúrò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì náà. Písítìn tó bá ń gòkè lè gbé sílíìfù dání. Ẹ gé páìpù omi onírin kéékèèké, ẹ fi bóòtù gba inú wọn, ẹ fi wáṣà fífẹ̀ sábẹ́ wọn kí etí wáṣà lè tẹ etí sílíìfù mọ́lẹ̀, kí ẹ dè wọ́n níwọ̀nba. Ẹ tún fa ọ́ìlì àti omi inú ihò bóòtù jáde pátápátá, torí bí bóòtù bá wọlé bá omi nísàlẹ̀ ihò, ó lè la búlọ́ọ̀kù.

Ẹ ṣèlérí owó ọjọ́ fún mẹkáníìkì yín, kó má baà kánjú. Tí kò bá gbà, ẹ wá àgbà kan. Láti 1975 tí PAN, ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, àwọn tó fi 504 kọ́ṣẹ́ ṣì wà ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́ níhìn-ín. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ ya fọ́tò etí àwọn sílíìfù ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó nu ohunkóhun.